Ọjà, Ilé àti Ẹjọ́: Àgbéyẹ̀wò Orin Ìsìnkú Yorùbá ní Peckham

Ìwé ètò ìsìnkú tí àwọn Yorùbá Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, máa ń tẹ̀ nígbà tí àgbàlagbà wọn bá papò dà ní ìlànà tirẹ̀. Àwòrán olóògbé ni ó máa ń ṣíwájú, nínú aṣọ òkè tàbí léèsì. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ ìdárò láti ẹnu ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Láàárín wọn ni a ti máa ń bá orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ní Yorùbá lápá kan, ní Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì, kí àwọn tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù lè rí nǹkan dì mú. Ó wọ́pọ̀ kí apá ti Yorùbá má ní àmì ohùn kankan. Bí a bá fara balẹ̀ ka àwọn orin tó sábà máa ń jẹ yọ, ilé ni kókó wọn. Ikú wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ilé, ọ̀run sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé fúnra rẹ̀. Ìdájọ́, tí ó ní orin tirẹ̀ nínú àwọn ìwé orin àtijọ́, ni a kì í sábà rí mọ́.

Àlàfo yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Èrò kan tó gbajúmọ̀ ni pé ohun ìdẹ́rùbani tí àwọn míṣọ́nnárì kó wá ni orin ìdájọ́, àti pé orin ilé ọ̀run ló bá ìwà Yorùbá mu. Nítorí náà, bí a bá yọ èyí àkọ́kọ́ kúrò, a kò sọ nǹkan kan nù. Èrò náà kò dúró bí a bá fi èdè Yorùbá gan-an wọ̀n ọ́n. Nínú èdè yìí, ilé àti ẹjọ́ ń gbé pọ̀ ni. Ẹni tó ti ọjà dé ní ìròyìn láti jẹ́ fún ará ilé. Orin tó bá pe ọ̀run ní ilé, tí kò sì mẹ́nu ba ìròyìn náà, ti gé òwe kan sí méjì, ó sì gbé ìdajì tó dùn lọ.

Ilé lẹ́nu ẹni tí a kó lẹ́rú

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé ti ní ìwọ̀n tirẹ̀ nínú orin ìsìn Yorùbá. Ní 1821 ni ogun fọ́ ìlú Òṣogùn, tí wọ́n sì kó ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí òkun. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ ẹrú tó gbé e dúró, wọ́n sì sọ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ ní Freetown, ní Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti di Samuel Ajayi Crowther. Ní 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25. Ní 1864 ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní kàtídírà Canterbury.

Crowther nìkan kọ́ ni irú ìtàn yìí bá. Àwọn Sàró tó padà sí Badagry, Abẹ́òkúta àti Èkó ti rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá. Àwọn náà, pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì CMS bí Henry Townsend, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé orin ìjọ wọ inú èdè Yorùbá. Púpọ̀ nínú ohun tó bọ́ sínú ìwé orin ni ó ti ọwọ́ àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rúndún kejìdínlógún wá, àwọn bí Isaac Watts (1674–1748) àti Charles Wesley (1707–1788). Nínú orin irú àwọn akéwì bẹ́ẹ̀, àlejò ni onígbàgbọ́ láyé, ìrìn àjò ló wà, ilé rẹ̀ sì wà níwájú. Fún àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí sí abúlé kan, tí a ó sì sin síbẹ̀, àfiwé ni ọ̀rọ̀ yìí. Fún ẹni tí a já gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi gbé lọ síbi tí kò mọ̀, ìtàn ara rẹ̀ ni. Orin tí a túmọ̀ bọ́ sí etí tó ti mọ ohun tí àìnílé ń jẹ́ kí oníwàásù tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ kí olùṣelámèyítọ́ ka orin wọ̀nyí sí ẹ̀dà tó rọ ti orin Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kan lè kéré nínú ìwé tí a ti mú un wá, kí ó sì tóbi nínú èdè tó gbà á. Ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ilé.

Ìṣirò ọjà

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn òwe yìí, nítorí ó dà bí ẹni pé ó ti bá Ìwé Mímọ́ ṣe àdéhùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn ń ṣe nígbà tó bá ti ọjà dé? Ó ń sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ń ka owó tó kù. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n rán an ni, ó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́. Ilé ni ibi ìsinmi, ibẹ̀ náà sì ni ibi ìjíhìn. Òwe náà kò sọ apá kejì yìí síta, nítorí kò sí ẹni tó ná ọjà rí tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ àgbà mìíràn sọ ọ́ síta: ohun gbogbo tí a bá ṣe láyé, a ó kúnlẹ̀ rò ó lọ́run. Nínú ìwé rẹ̀, Olódùmarè: God in Yoruba Belief, tó jáde ní 1962, E. Bọ́lájí Ìdòwú fi hàn pé ìgbàgbọ́ nínú ìdájọ́ lẹ́yìn ikú wà láàárín àwọn Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ohun tiwọn. Ohun tó yẹ kí a fi kún un nípa orin ni pé kí a wo ọ̀rọ̀-ìṣe inú gbólóhùn yẹn. Rírò ni ènìyàn yóò rò, bí ẹni ń rojọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò la ẹnu. Kíkúnlẹ̀ náà kò ṣàjèjì: ó rán etí létí àkúnlẹ̀yàn, ìpín tí ẹ̀dá kúnlẹ̀ yàn kí ó tó wá sáyé. Nínú èrò yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni ènìyàn kúnlẹ̀ lọ́run. Ó kúnlẹ̀ yàn kí ó tó lọ sọ́jà, ó sì tún kúnlẹ̀ rò nígbà tó dé. Láàárín ìkúnlẹ̀ méjèèjì ni ayé rẹ̀ wà.

Ìdájọ́, tí ìwé orin fi ṣe orúkọ ọjọ́ ńlá náà, tẹ ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn mọ́ ẹjọ́. Dídá ni adájọ́ ń dá ẹjọ́. Ẹni tí a dá a fún ń gbọ́. Yorùbá mọ irú adájọ́ yìí pẹ̀lú, ó sì ń ki Olódùmarè ní Adákẹ́dájọ́. Oríkì náà ṣe pàtàkì nítorí ó fi ìdákẹ́jẹ́ sí ìdí ìdájọ́. Ọ̀pọ̀ orin ìdájọ́ tó ti Yúróòpù wá kò mọ ìdákẹ́jẹ́. Ìpè ń dún nínú wọn, àwọsánmà ń ya, òkè ń wó, ìwé ńlá ń ṣí. Orin Charles Wesley tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ sí "Lo! He Comes with Clouds Descending", tó jáde ní 1758, jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára gan-an nínú irú èyí. Ìran ni, akọrin sì wà lára àwọn òǹwòran. Ẹwà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ọ́ kò ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa ọjà tí òun fúnra rẹ̀ ná.

Orin Augustus Toplady, "Rock of Ages", tí ó jáde ní 1776, tọ ọ̀nà mìíràn. Ẹsẹ rẹ̀ tó kẹ́yìn gbé akọrin dé bèbè ikú àti iwájú ìtẹ́ ìdájọ́, síbẹ̀ akọrin ni ó ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó jẹ́wọ́ pé ọwọ́ òun ṣófo, ó sì bẹ̀bẹ̀. Èyí ni ìrojọ́ gan-an. Nígbà tí irú orin bẹ́ẹ̀ bọ́ sínú èdè Yorùbá, ó bá ìkúnlẹ̀ kan tó ti wà níbẹ̀ pàdé. Nítorí náà, kò yẹ kí a da gbogbo orin ìdájọ́ pọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Orin ìran wà, orin ẹjọ́ sì wà. Ẹni tó bá kọ ẹ̀yà àkọ́kọ́ nítorí ariwo rẹ̀ ní ìdí. Ẹni tó bá torí rẹ̀ kọ ẹ̀yà kejì ti da omi nù pẹ̀lú kèrègbè rẹ̀.

Ilé mẹ́ta ní Peckham

Peckham kì í ṣe ibi tuntun fún ìsìn àwọn ọmọ Áfíríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni Thomas Brem-Wilson, oníṣòwò láti Gold Coast, ń darí ìjọ kan ní Sumner Road níbẹ̀. Ní 1964 ni Church of the Lord (Aládùúrà) fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ìjọ Kérúbù àti Séráfù, Sẹ̀lẹ́sítíà àti àwọn mìíràn sì dé. Ìwádìí tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka ìjọ tuntun 240 tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Southwark nìkan. Púpọ̀ nínú wọn wà ní àyíká Old Kent Road, nínú ilé tí a kọ́ fún ilé iṣẹ́ tàbí fún ìkẹ́rùsí. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Rye Lane wà, níbi tí iṣu, gàrí, èlùbọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ti ń jókòó sójú ọ̀nà. Ẹni tó bá gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ayé lọjà lè bọ́ síta kí ó bá ọjà náà níbẹ̀.

Ní irú àdúgbò báyìí, ọ̀rọ̀ náà ilé ti di mẹ́ta. Ilé kan wà tí a ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù ní Peckham. Ilé kejì ni èyí tí àwọn àgbà ń sọ bí wọ́n bá ní àwọn ń lọ sílé ní Kérésìmesì: Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Èkìtì. Ẹ̀kẹta ni ilé tí orin ń sọ. Àwọn ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí máa ń dojú kọ ara wọn nígbà tí ènìyàn bá kú. Láyé àtijọ́, inú ilé ni Yorùbá ń sin àgbàlagbà sí, nínú yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ilé àti ilẹ̀ fi di ọ̀kan fún òkú náà. Lónìí, àwọn ẹbí kan máa ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé òkú padà sí Nàìjíríà. Àwọn mìíràn ń sin tiwọn sí itẹ́ òkú Southwark, bíi Camberwell New Cemetery, tí kò jìnnà sí itẹ́ òkú Nunhead tí wọ́n ṣí ní 1840. Ìbéèrè tí ó sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ni pé ṣé kò yẹ kí a gbé bàbá lọ sílé.

Orin ilé ọ̀run ń dáhùn ìbéèrè yìí, ìtùnú tó sì ń mú wá kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó ń sọ fún àwọn tó dúró sí ẹ̀bá kòtò nínú òtútù pé ibi tí ara sùn sí kò dí ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tó bá fojú tẹ́ńbẹ́lú irú ìtùnú bẹ́ẹ̀ kò tíì dúró níbẹ̀ rí. Síbẹ̀, ìbéèrè mìíràn wà tí orin ilé nìkan kò lè dáhùn. Ẹni tó fi ilé sílẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó ṣiṣẹ́ òru ní Lọ́ńdọ̀nù fún ogójì ọdún, ọjà ni ó lọ ná. Kí ni ó rà? Kí ni ó san lé e? Ta ni ó ń retí rẹ̀ nílé tí kò padà bá mọ́? Àwọn ọmọ mọ díẹ̀ nínú ìdáhùn náà. Ìyàwó mọ̀ jù wọ́n lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń wo ìsìn náà lórí fóònù láti Nàìjíríà mọ tiwọn.

Nínú ìwé ètò ìsìnkú, ìtàn ìgbésí ayé ló yẹ kó gbé ìṣirò yìí. Ṣùgbọ́n ìtàn ìgbésí ayé ní òfin tirẹ̀: a kì í sọ̀rọ̀ òkú ní àìdára. Ìyìn ni yóò jẹ́ láti òkè dé ilẹ̀. Orin ìrojọ́ nìkan ni ó lè gbé apá tó kù láìdójú ti ẹnikẹ́ni, nítorí gbogbo ènìyàn ni ó ń kọ ọ́, oníkálukú ní orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ tó bá kọ ọ́ ń rojọ́ tirẹ̀, ó sì ń rojọ́ fún bàbá rẹ̀ pẹ̀lú, láìdárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Bí a bá yọ irú orin bẹ́ẹ̀ kúrò, a óò fi òkú sílé láìjẹ́ kí ó sọ ẹrù kalẹ̀, àwọn tó kù yóò sì gbé ẹrù tiwọn padà lọ.

Ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀

Kí a tilẹ̀ dá orin ìrojọ́ padà, ìṣòro kan ṣì kù: ṣé a óò gbọ́ ohun tó ń sọ? Ẹ̀sùn tó ti pẹ́ jù lọ lórí orin ìsìn tí a túmọ̀ sí Yorùbá ni pé ohùn orin Òyìnbó kò bọ̀wọ̀ fún ohùn ọ̀rọ̀. T. K. E. Phillips (1884–1969), tó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Èkó láti 1914 títí di 1962, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Music, tó jáde ní 1953. Ṣáájú ìgbà náà, Josiah Jesse Ransome-Kuti (1855–1930) ti ń fi ohùn tó bá èdè mu kọ orin ìsìn, Zonophone sì gba orin rẹ̀ sínú àwo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀wádún 1920.

Ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nínú ọ̀run, ohùn ìsàlẹ̀ ṣáájú ohùn àárín. Bí ohùn orin bá sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, etí lè gbọ́ ọrùn, tí orí dúró lé. Bí ó bá dúró sójú kan, ó lè di ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà. Orin Òyìnbó sì máa ń lo ohùn kan náà fún gbogbo ẹsẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì kì í gba ọ̀nà tí ti àkọ́kọ́ gbà. Ìwé tí kò ní àmì ohùn ń dá kún un. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù, ẹrù àti ẹrú ní ìrísí kan ṣoṣo. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni orin ikú nílò: ẹ̀rù ikú, ẹrù tí a ó sọ̀ kalẹ̀, ẹrú tí a dá sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá pàdé ìrísí yẹn láìní olùkọ́ yóò mú èyí tí ó bá kọ́kọ́ mọ̀.

Àwọn àgbà kì í sábà ráhùn nípa èyí, ìdí rẹ̀ sì rọrùn. Ọ̀rọ̀ ti wà nínú wọn kí orin tó dé. Ọkàn wọn ń tún ohun tí ohùn orin bà jẹ́ ṣe, wọn kò tilẹ̀ fura. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí a bí sí Peckham yàtọ̀. Ó lè jẹ́ pé inú orin gan-an ni ó ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tó jẹ́ àbùkù kékeré fún ìyá àgbà jẹ́ ìdènà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Àṣà kan wà tó ti ń wo àrùn yìí sàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ Yorùbá, ẹnì kan máa ń ka ẹsẹ orin sókè kí ìjọ tó kọ ọ́. Àwọn tí kò mọ̀wé ni a ṣe é fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkà bá ń kà, ohùn ọ̀rọ̀ ni ó ń lò: ọ̀run jẹ́ ọ̀run, ẹrù jẹ́ ẹrù, kí ohùn orin tó gbà á lọ. Ìtumọ̀ ń kọ́kọ́ wọlé, orin ń tẹ̀ lé e. Níbi tí ìwé ètò tàbí aṣọ ìwòran bá ti gba ipò olùkà, gbogbo ènìyàn rí ọ̀rọ̀ lójú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹni tó bá gbà pé mímọ̀ ọ́n kà ti mú kí àṣà náà di ti àtijọ́ kò rí iṣẹ́ kejì tó ń ṣe.

Àpẹẹrẹ kan tó láti fi èyí hàn. Henry Francis Lyte kọ "Abide with Me" ní 1847, ọdún tí òun fúnra rẹ̀ kú. William Henry Monk sì fún un ní ohùn tí gbogbo ayé mọ̀ ní 1861. Láti 1927 ni wọ́n ti ń kọ ọ́ níbi àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù FA Cup, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Peckham lè ti mọ ohùn rẹ̀ láti orí pápá kí ó tó gbọ́ ọ níbi ìsìnkú. Orin ilé ni gbogbo ènìyàn kà á sí, orin tútù tí kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìtumọ̀ Yorùbá rẹ̀, alẹ́ ni ìrọ̀lẹ́ Lyte dà. Alẹ́ ní Yorùbá kọjá ìgbà tí oòrùn wọ̀. Òun ni ọjọ́ ogbó, tí a fi ń gbàdúrà pé kí alẹ́ ẹni sàn ju òwúrọ̀ lọ. Òun tún ni ìgbà tí àwọn èrò oko àti èrò ọjà ń wọlé, tí a ń mọ ohun tí oníkálukú mú bọ̀. Ìjíhìn ti wà nínú orin tó tù wá nínú jù lọ, nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Kò pọn dandan, nígbà náà, kí ẹbí tó ń ṣètò ìsìnkú wá orin tó ń sán bí àrá. Ọ̀kan nínú àwọn orin ìrojọ́ àtijọ́ tó, láàárín orin ilé méjì. Kí wọ́n fi àmì ohùn sí i nínú ìwé. Kí wọ́n sì fún ẹnì kan tí èdè dá lẹ́nu rẹ̀ láàyè láti ka ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí dùùrù tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ-ọmọ tó wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn lè má lóye gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n yóò ti gbọ́ ọ̀run gẹ́gẹ́ bí ọ̀run, yóò sì ti gbọ́ pé àwọn àgbà rẹ̀ gbà pé ẹni tó ti ọjà dé ní nǹkan láti sọ.